Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ìwé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Ajíhìnrere, ní Òkè Ìdànrè



Kí n tó wá dúró níwájú yín, mo kọ́kọ́ gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni mo gùn, mo sì jókòó ní gbogbo ibi tí wọ́n ṣe fún ìsinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé orí òkè, mi ò kọ́kọ́ lọ sí ààfin àtijọ́, mi ò sì kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1906. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo yà sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ògiri amọ̀ ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, ọdún 1896 ni wọ́n sì sọ fún wa pé àwọn ajíhìnrere dá a sílẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ta ló kọ́kọ́ dúró síwájú àwọn ọmọ níbí? Kí ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ta ló bá a pọn omi? Ọmọ mélòó ló wá sílé ìwé lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, tí àpáta ń yọ̀ bí ọṣẹ? Ṣé ibà mú un? Ṣé àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Mo bi ògiri, ògiri ò dáhùn.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, pàápàá àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì. Bóyá ẹnìkan ń rò ó nísinsìnyí pé kí ló kan Ìdànrè nínú ọ̀rọ̀ Mọ́mọ́nì. Ó kàn án gan-an. Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún 19 kan ń ṣe lónìí ní ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, òun náà ni ẹni tó kọ́ àwọn baba yín ní á-bí-dí lórí òkè ṣe. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ti ọmọ òní wà nínú ìwé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni mo gbé wá.

Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Mi ò wá síbí láti ní kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, tàbí kó má wọ̀ ọ́. Orúkọ tí ìjọ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ lédè wa ni Ìjọ ti Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Láti 2018 ni ààrẹ wọn nígbà náà, Russell Nelson, ti bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn máa pe orúkọ yìí ní kíkún, kí wọ́n yé pe ìjọ ní Mọ́mọ́nì. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Fayette, ní ìpínlẹ̀ New York. Joseph Smith tó dá a sílẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún 24 lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ máa wà láàárín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rán jáde, ọkùnrin ń lo ọdún méjì, obìnrin ń lo oṣù 18. Ní oṣù kẹwàá 2012 ni wọ́n dín ọjọ́ orí wọn kù: ọkùnrin láti 19 sí 18, obìnrin láti 21 sí 19. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò lè yan ibi tí yóò lọ. Yóò fi orúkọ sílẹ̀, yóò dúró, lẹ́tà yóò sì dé tí yóò sọ ìlú tí wọ́n rán an lọ. Wọn kì í san owó oṣù fún un. Òun àti ìdílé rẹ̀ ló ń dá owó tí yóò ná, ìjọ sì máa ń ran ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe agùnbánirọ̀ rí, ẹ wo iṣẹ́ ìsìnlú tẹ́ ẹ ṣe lọ́dún kan, ẹ sọ ọ́ di méjì, ẹ yọ owó tí ìjọba ń san kúrò, ẹ wá fi kún un pé ẹ ò gbọdọ̀ lọ sílé lọ́dún Kérésì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti gba Tema ní ilẹ̀ Ghana kọjá, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun kan wà tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì nípa wọn. “Elder” ni wọ́n ń pe àwọn ọmọkùnrin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé wọn lédè Yorùbá, Alàgbà ló di. Alàgbà, ọmọ ọdún 18! Nílẹ̀ wa, ewú ló ń jẹ́ kí wọ́n pe ènìyàn ní alàgbà, tàbí kó ti pẹ́ nínú ìjọ tó fi di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n bá sì pè ní alàgbà, tí ìyá àgbà kan tó lè bí ìyá rẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu rẹ̀, ẹrù ńlá ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹni tí mo bá rí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, tí káàdì orúkọ dúdú wà láyà rẹ̀, ẹrù yẹn ni mo máa ń rí kí n tó rí ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ajé ló sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ wọn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń jí lọ́jọ́ gbogbo, ọjọ́ Ajé náà ńkọ́? Wọ́n ń jí. Aṣọ ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń fọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ nílé bàbá rẹ̀ ní Utah yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò fi ọwọ́ ra ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì títí àtàǹpàkò rẹ̀ yóò fi bó. Yóò lọ sọ́jà, yóò ra tòmátì àti ata, yóò se oúnjẹ fún ara rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀, yóò gbá ilé. Tí iná bá wà, yóò lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan tán kí wọ́n tó mú un lọ. Ní ọ̀sán, yóò jókòó kọ lẹ́tà sílé.

Lẹ́tà ọjọ́ Ajé yìí ṣe pàtàkì. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni òfin wọn gbà kí ọmọ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ọjọ́ Kérésì àti Ọjọ́ Ìyá. Ìwé nìkan ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, látorí lẹ́tà inú àpòòwé títí dé í-meèlì. Ní oṣù kejì 2019 ni wọ́n tú okùn yẹn díẹ̀, wọ́n ní ọmọ lè pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló dunnú, mo sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ìyá tó gba lẹ́tà 100 lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ọdún méjì ní ìwé ìtàn lọ́wọ́. Ìyá tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nígbà 100 ní ìtura, ìtura náà dára, àmọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò ní rí i kà.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ dé. Òwúrọ̀ jẹ́ ti ìwé kíkà: yóò dá kà, yóò bá ẹnìkejì rẹ̀ kà, yóò kọ́ èdè tó bá jẹ́ pé èdè ibẹ̀ ò yé e. Ẹnìkejì yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó yàn. Wọ́n kàn so wọ́n pọ̀ ni. Wọn ò gbọdọ̀ fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n jọ ń jáde, wọ́n jọ ń wọlé. Ọmọ Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ ń rí ní Nàìjíríà lónìí, nítorí náà ọmọ Ìgbò lè máa bá ọmọ Ghana gbé, ọmọ Yorùbá lè máa bá ọmọ Sierra Leone gbé. Ọ̀kan ń hanrun, èkejì kì í sùn bí iná bá wà. Ọ̀kan fẹ́ràn ata, ata ń ta èkejì. Ìwàásù tí wọ́n ń ṣe lóde kò le tó kí wọ́n gba ara wọn mọ́ra nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Wọn yóò wá jáde sí ìgboro, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn jù. Ibí yìí ni àṣà wa ti máa ń rú àlejò lójú. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì péré.

Èkíní, a kì í lé àlejò. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn nínú wa kì í sọ pé òun ò fẹ́. “Ẹ padà wá lọ́la” ni yóò sọ, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àlejò kò mọ̀. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé márùn-ún ló fún òun ní àdéhùn, yóò padà wá lọ́la, yóò bá ìlẹ̀kùn ní títì, yóò kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn yìí ń purọ́. Kò sẹ́ni tó purọ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún un, kò sì mọ ojú rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tíì. Òfin wọn ò gba ọtí, sìgá, kọfí àti tíì. Ìyá kan gbà wọ́n lálejò ní òwúrọ̀ tí òtútù mú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mu tíì.” Alàgbà kékeré ní òun kì í mu ún. Ojú ìyá bà jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá Yorùbá ń pè ní tíì? Milo ni, Bournvita ni, ohunkóhun tí a bá fi omi gbígbóná pò ni. Kòkó ni ohun tí ìyá gbé wá, kò sì sóhun tó ní kí ọmọ náà má mu kòkó! Ní Ìdànrè yìí, níbi tí kòkó ti kọ́lé, tó rán ọmọ lọ sí yunifásítì, tó gbé ìyàwó, ta ni kò ní dùn bí àlejò bá kọ kòkó? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò béèrè pé, “Mà, irú tíì wo ni?” Ọmọ tó kọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀ ti gboyè kan tí yunifásítì ò ní.

Ohun tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ kò gba àkókò láti sọ. Wọ́n ń pàdé àwọn míṣọ́nárì ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní àdúgbò kan náà, wọ́n ń jókòó ṣètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ń bá ẹni tó ń kọ́lé ru búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń bá arúgbó ro oko. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹnìkan bá gbà, wọn yóò wọ aṣọ funfun, wọn yóò rì í bọmi pátápátá. Lọ́jọ́ Àìkú, búrẹ́dì àti omi ni wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ Olúwa, wọn kì í lo wáìnì. Ní Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n ń gbààwẹ̀ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, owó oúnjẹ náà sì ń lọ fún aláìní. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa iná. Bí alàgbà kékeré yìí bá wá mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò, tí ajá ilé kejì ò gbó o mọ́, ìpè lè dé pé kó kó ẹrù, wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Báwo ni ìjọ yìí ṣe dé ilẹ̀ wa? Ìwé ló gbé e dé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí oríléeṣẹ́ ìjọ náà ní Salt Lake City, kí míṣọ́nárì kankan tó tẹ ilẹ̀ yìí. Wọ́n ti ka ìwé pẹlẹbẹ àti ìwé ìròyìn, wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹnìkan wá. Ọdún 1961 ni ìjọ rán LaMar Williams wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ìjọ náà nígbà yẹn tí kò dára, mi ò sì ní fi bò ó níwájú yín: wọn kì í fi ènìyàn dúdú joyè àlùfáà. Ní 1963, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó wà ní California rí òfin náà kà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook, ìjọba sì kọ̀ láti fún wọn ní físà. Ìwé ló pè wọ́n, ìwé náà ló tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe ohun tó tọ́.

Oṣù kẹfà 1978 ni wọ́n fa òfin yẹn ya. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, tọkọtaya méjì, Rendell àti Rachel Mabey, Edwin àti Janath Cannon, dé Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n ń wá ni Anthony Obinna, olùkọ́ kan ní Abọ́ Mbaisé ní ìpínlẹ̀ Ímò, tó ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrẹ̀wẹ̀sì. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun àti àwọn 18 mìíràn. Ní 2005, ọdún 27 péré lẹ́yìn náà, wọ́n ya tẹ́ḿpìlì wọn sí mímọ́ ní Ábá. Ká ní Obinna dákẹ́, tàbí ká ní ó sọ ọ́ lẹ́nu lásán fún ẹni tó ń kọjá lọ, ìtàn náà ì bá má rí báyìí.

Ẹ má rò pé ẹ̀yìn odi nìkan ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Ní Oǹdó tó múlé gbè yín, Charles Phillips, ọmọ Yorùbá bí tiwa, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere ẹgbẹ́ Church Missionary Society (CMS) láti 1877, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. CMS pa á láṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ṣe lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí London. Wọ́n kọ ọ́: ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́jà, babaláwo tó bá wọn jiyàn, ìyá ọmọ tó sunkún, iye owó ẹyọ tí wọ́n fi ra iṣu. Àwọn ìwé yẹn wà ní yunifásítì Birmingham lónìí. Inú wọn ni J. D. Y. Peel wọ̀ lọ tó fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ìran Yorùbá, tó jáde ní 2000. Anna Hinderer náà, tó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1853, kọ ti ọjọ́ tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà, tí wọ́n ń ta nǹkan inú ilé kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ọdún 1870 ló kú, ọdún 1872 ni wọ́n tẹ àkójọ lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ mọ bí ìyà àwọn ọdún yẹn ṣe rí nínú ilé kan, ibẹ̀ ni yóò ti kà á.

Síbẹ̀, ọ̀kan péré nínú ẹni méjì tó pàdé ló kọ ìwé wọ̀nyí, èyí ló sì ń dùn mí jù. Ajíhìnrere ń kọ̀wé sí ẹni tó rán an níṣẹ́, nítorí náà òrìṣà wa di ère lásán lójú kálámù rẹ̀, ìbẹ̀rù tirẹ̀ sì fara pa mọ́. Ọmọ tó ń kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ajé náà ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀: kò ní sọ pé ibà gbé òun dè fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò kọ nípa ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò ní mọ ìdí rẹ̀. Ìyá tó gbé tíì fún un mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lórí òkè. Bí ìwé tí ẹni tó wá kọ́ wa kọ bá tilẹ̀ wà níbì kan, ìwé tí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ kọ dà? Kí ni wọ́n sọ nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kí ni ìyá wọn sọ nígbà tí ọmọ ní òun ò lọ sóko mọ́? Ojú ẹsẹ̀ tí ìtàn Ìdànrè pè ní ti Agbógun wà lára òkúta títí dòní, gbogbo àlejò tó gun òkè ló ń fi ẹsẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn kò sí lára ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lájò, ì bá à jẹ́ ajíhìnrere ìjọ èyíkéyìí, ì bá à jẹ́ agùnbánirọ̀, ì bá à jẹ́ ẹni tó lọ kàwé ní Britain, ẹ ní kó máa kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí fóònù tó yín. Ẹ tẹ ohun tó bá kọ sórí bébà, ẹ kó wọn sínú àpótí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí míṣọ́nárì bá kàn ìlẹ̀kùn yín, ẹ kọ ohun tó sọ àti ohun tí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìdànrè, ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí wọ́n kọ ìtàn ilé wọn lórí òkè, lédè tí ìyá àgbà fi sọ ọ́.

Nǹkan bí 1923 ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà yẹn ti pé 100 ọdún ní 2016. Àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn sọ ọ́ fún ló kù, àwọn náà sì ti ń darúgbó. Ẹni tó bá ní irú wọn nílé, kó mú ìwé àti bírò lọ bá wọn lálẹ́ òní, kó sì kọ déètì sókè rẹ̀.